Ta Ló Láṣẹ Lórí Àwòrán Àwọn Òbí Wa?

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo gbé wá lálẹ́ yìí: fọ́tò inú àpótí, fọ́tò ara ògiri, fíìmù tó kún ṣọ́ọ̀bù àwọn onífọ́tò tó ti dolóògbé, àti èyí tó wà ní mùsíọ̀mù òkè òkun. Àwọn yunifásítì, àwọn ààfin, ìjọ Ọlọ́run, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kódà ọmọ tó kàn ní fóònù tó dáa, gbogbo wọn ló ń kó fọ́tò àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì fẹ́ kó tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí púpọ̀ nínú wa ń fò kọjá: ta ló láṣẹ lórí fọ́tò yẹn, ta ló sì yẹ kó rí i?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Ìlá-Ọ̀ràngún. Ní ọdún 1978, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague kọ àròkọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lórí bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ọ̀dọ̀ àwọn onífọ́tò Ìlá ló ti rí púpọ̀ nínú ohun tó kọ. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, òbí wọn a máa mú èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Onífọ́tò á ya ọmọ kan ṣoṣo náà. Tó bá wọ yàrá òkùnkùn, á tẹ fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, títí Táíwò àti Kẹ́hìndé á fi jókòó ti ara wọn. Bó bá ṣe pé ọkùnrin ló kú, tí obìnrin sì ṣẹ́ kù, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọbìnrin náà, wọ́n á tún un yà, kó lè dúró fún ẹnìkejì rẹ̀. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe láyé àtijọ́ ni fọ́tò yìí ń bá ìyá ọmọ ṣe.

Ẹ wá fojú inú wo akọ̀wé mùsíọ̀mù kan nílẹ̀ òkèèrè tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbé irú fọ́tò yìí síwájú rẹ̀, kò sí àlàyé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: ìbejì, obìnrin méjì, Nàìjíríà. Ohun tó rí ló kọ. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ló wà níbẹ̀. Òkú ni ẹnìkejì, ẹkún ìyá ló sì mú kí wọ́n ya fọ́tò ọ̀hún. Ọmọ tó kù yẹn lè wà láyé lónìí, kó ti dìyá àgbà, kí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Chicago sì bá a pàdé lójú fóònù lọ́sàn-án kan. Àwọn tó gbé e síta kò bi í. Wọn kò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n bi ẹnì kankan.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni kó tó dọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Lórí fọ́tò kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ èèyàn ló lè dìde pé tèmi ni. Onífọ́tò á ní òun lòun yà á. Ẹni tó sanwó á ní owó òun ni. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ á ní ojú òun nìyí. Ẹni tí pépà wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ní inú ìyẹ̀wù bàbá òun ni wọ́n ti bá a. Bó bá jẹ́ fọ́tò ọdún ìbílẹ̀, ìlú á ní ọdún àwọn ni. Lónìí, ẹlòmíràn tún ti dé: ẹni tó kó o sínú kọ̀ǹpútà, tó kọ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ gàdàgbà sí i lójú, tó sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó wá sanwó fún òun.

Kí ni òfin wá wí? Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ni Nàìjíríà ń lò báyìí. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ni òfin kọ́kọ́ kà sí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lórí àdàkọ rẹ̀, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ìyẹn ni pé bí bàbá yín bá pe onífọ́tò wá síbi ìwúyè, tó sanwó, tó sì gba fọ́tò rẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ó ti ra ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ẹ̀tọ́ àtitẹ fọ́tò náà sínú ìwé tàbí kálẹ́ńdà títà ń bẹ lọ́wọ́ onífọ́tò, bó bá sì ti kú, ó ń bẹ lọ́wọ́ àwọn àrólé rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yìí kì í wà títí ayé. Ti fọ́tò ń parí lẹ́yìn ọdún 50, bẹ̀rẹ̀ láti òpin ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún òmìnira, 1960, ti di ti gbogbo ayé láti ọdún 2011. Ìwé, orin àti àwòrán tí a fọwọ́ yà ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é.

Apá kan tún wà nínú òfin ọ̀hún tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀. Ó dáàbò bo iṣẹ́ àbáláyé: àlọ́, orin ìbílẹ̀, ijó, iṣẹ́ ọnà àjọni. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣàdàkọ wọn fún òwò, tàbí kó yọ wọ́n kúrò níbi tí àṣà fi wọ́n sí, láìgbàṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ, àti pé ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ìlú tàbí àwọn èèyàn tí ó ti rí wọn. Mo mọ̀ pé òfin inú ìwé ni èyí, pé ìlú díẹ̀ ló ti gbé e jáde láti fi gbèjà ara wọn. Síbẹ̀, ó wúlò lórí tábìlì àdéhùn. Bí àwọn aṣojú mùsíọ̀mù kan bá wá sí ààfin yín, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ya gbogbo ohun èlò ọdún yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè fi ìka tọ́ka sí i.

Ṣùgbọ́n ibi tí òfin mọ nìyẹn. Òfin mọ ẹni tó yẹ ká sanwó fún, kò mọ ohun tí kò yẹ kí ojú rí. Ìtàn kan láti Bahia, nílẹ̀ Bràsíìlì, fi èyí hàn.

Ní ọdún 1951, ìwé ìròyìn Paris Match ti ilẹ̀ Faransé gbé ìròyìn kan jáde lórí àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Bahia. Henri-Georges Clouzot, ẹni tó ń ṣe sinimá, ló kọ ọ́. Ìròyìn náà múnú bí àwọn ará Bràsíìlì, ó sì ta O Cruzeiro jí, ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kà jù lọ lórílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn. Àwọn náà fẹ́ tiwọn, wọ́n sì fẹ́ kó ju ti àwọn Faransé lọ. Wọ́n rán onífọ́tò wọn, José Medeiros, lọ sí Salvador, olú-ìlú Bahia. Ó rí ilé òrìṣà kan tó gbà á láyè, ó sì wọ inú ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìyàwó òrìṣà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìdí òrìṣà mọ ohun tí mò ń sọ: ibi tí wọ́n ti ń fárí, tí wọ́n ti ń sín gbẹ́rẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ẹbọ ti ń kan orí. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ilé pàápàá ló ń wọ ibẹ̀. Medeiros ya gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1951, O Cruzeiro tẹ fọ́tò 38 jáde, ó sì pe àwọn obìnrin ọ̀hún ní ìyàwó àwọn òrìṣà tí òùngbẹ ẹ̀jẹ̀ ń gbẹ.

Ariwo ta ní Bahia. Ọmọ ìdí òrìṣà lọ́kùnrin lóbìnrin fárígá. Èyí ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá ṣì ń fìtínà àwọn ilé òrìṣà, tí àwọn èèyàn sì ń pè wọ́n ní ẹlẹ́bọ ẹlẹ́jẹ̀. Àkọlé ìròyìn náà wá fún gbogbo elénìní lóhun tí wọn yóò máa sọ. Ní ọdún 1957, àwọn fọ́tò yẹn di ìwé. Lónìí, ilé ìkóhun-pamọ́sí Instituto Moreira Salles ló ń tọ́jú àwọn fíìmù Medeiros. Àwọn tó mọ̀ nípa fọ́tò sì ń yìn ín gan-an, nítorí ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ rẹ̀, a ò lè jiyàn ìyẹn.

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Onífọ́tò ní ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ilé ìkóhun-pamọ́sí ń tọ́jú fíìmù dáadáa. Ìyálórìṣà kan gbà wọ́n láyè. Bí a bá fi ti òfin wò ó, kò sí ohun tó kù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin tó wà lórí ẹní, orí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ojú wọn ń wo ibòmíràn, ta ló bi wọ́n? Ọmọ tí wọ́n ń ṣe òrìṣà fún kò sí nípò àtisọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdáhùn ìyálórìṣà kan kò sì lè jẹ́ ìdáhùn gbogbo àwọn ilé òrìṣà tó wà ní Bahia, nítorí awo ọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Lọ́wọ́ tèmi, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọmọdé lè fi ìka kan ṣí i. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ má jó o níná, nítorí ẹ̀rí ìtàn ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ rí i wá sí ibi tó wà, kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kó sì pàdé ọmọ ilé òrìṣà kan níbẹ̀ tí yóò dá a lóhùn.

Àwọn kan lè ní àṣà àtijọ́ nìyẹn, pé ayé ti lajú, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ hàn síta. Mi ò gbà. Yorùbá kò sọ láéláé pé ohun gbogbo ni ti gbogbo ojú. A ní ohun tí gbogbo ọjà ń wò, a ní ohun tó jẹ́ ti ọmọ ilé, a sì ní ti awo. Obìnrin kì í wo Orò. Ẹni tí kò bá mọwọ́ kì í wọ igbó ìgbàlẹ̀. Bí bàbá àgbà kan bá sì ya fọ́tò igbó ìgbàlẹ̀ ní ọdún 1950 nítorí ó gba ẹ̀sìn mìíràn tó sì fẹ́ dójú ti àwọn eléégún, ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ló máa wá sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń wò?

A kọ́ la máa kọ́kọ́ rò ó báyìí. Ní Tennant Creek, nílẹ̀ Ọsirélíà, àwọn Warumungu, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, bá Kim Christen, ọmọwé ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì kọ́ ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mukurtu. Bí ẹnì kan bá wọlé síbẹ̀, ètò náà á mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ẹbí wo ló ti wá, ìlú wo ló ti wá. Ohun tí àṣà fún un láyè láti rí ló máa hàn sí i. Fọ́tò tí ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ rí kò ní jáde fún ọkùnrin. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lo ètò yìí, àwọn ìlú mìíràn káàkiri ayé sì ti ń lò ó. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà kò lè ṣe bí àṣà wa ṣe wí, ẹ ní kó lọ wo Mukurtu.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yí ojú sí òdì kejì, torí pé ìpamọ́ náà ní ìwà ìkà tirẹ̀. Ojú eyín erin Idia, ìyá Ọba Esigie ti Bìní, méjì tí ayé mọ̀ jù lọ, ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, èkejì wà ní Metropolitan Museum ní New York. Nígbà tí Nàìjíríà ń múra àjọ̀dún àṣà FESTAC ọdún 1977, ti Lọ́ńdọ̀nù la fi ṣe àmì àjọ̀dún náà. A tọrọ rẹ̀, wọn kò fún wa, ọmọ Bìní ló padà gbẹ́ òmíràn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, Metropolitan Museum ti ṣí ilẹ̀kùn láti oṣù kejì ọdún 2017: àwòrán àwọn iṣẹ́ ọnà rẹ̀ tí ẹ̀tọ́ àdàkọ ti parí lórí wọn, ẹnikẹ́ni lè mú wọn lọ, kó tẹ̀ wọ́n sára ìwé, kó tà wọ́n, kò ní tọrọ àṣẹ. British Museum gba ọmọ ilé ìwé láyè láti lo tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n bí òwò bá ti wọ̀ ọ́, owó ni. Ẹ wò ó, òǹṣèwé kan ní Ìbàdàn tó fẹ́ fi àwòrán orí Ifẹ̀, tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, ṣe èèpo ẹ̀yìn ìwé ìtàn Ifẹ̀, á tún sanwó ní Lọ́ńdọ̀nù bó bá jẹ́ pé orí tó wà lọ́dọ̀ wọn ló wù ú. Ìyẹn dùn mí. Àwòrán ohun tó ti pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kò yẹ kó máa mówó wọlé fún ẹni tí kò ṣe é, lọ́wọ́ ọmọ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kíyè sí i: nínú ìlànà méjèèjì, ti Lọ́ńdọ̀nù tó tì í àti ti New York tó ṣí i, kò sí ìkankan tí mo gbọ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ bi ààfin Bìní léèrè. Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn. Kí a ṣí i tàbí kí a tì í, ẹni tó ni ín ló yẹ kó sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ kan wà tó gbìyànjú láti tún èyí ṣe, Digital Benin ni wọ́n ń pè é. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kó àwòrán àwọn ohun èlò Bìní tí wọ́n fọ́nká láti ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin ní 1897 jọ sójú kan: 5,246 nígbà tí wọ́n ṣí i, láti ilé 131 ní orílẹ̀-èdè 20. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ju iye yẹn lọ ni pé orúkọ Ẹ̀dó ni wọ́n fi pe àwọn ohun èlò ọ̀hún, àwọn ọmọ Ẹ̀dó tó mọ̀ nípa wọn ló ṣe ìwádìí orúkọ yẹn, wọ́n sì gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ sí i. Mùsíọ̀mù kọ̀ọ̀kan ṣì ni ẹ̀tọ́ lórí àwòrán tó fi ránṣẹ́, nítorí náà iṣẹ́ kò tíì parí. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ọmọ Bìní lè jókòó sílé kó mọ ibi tí ohun ìní bàbá rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé wàyí, sọ́dọ̀ ẹ̀yin tí àpótí wà ní yàrá yín.

Bí ẹ bá ṣí àpótí fíìmù onífọ́tò àtijọ́ tí òórùn fínígà gbá yín nímú, fíìmù yẹn ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń fà á, bí kò bá sì sáfẹ́fẹ́ nínú àpótí, èyí tó ti ń rùn á máa ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ gbé ìyókù kúrò lábẹ́ páànù gbígbóná lọ síbi tó tutù tó sì gbẹ. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kò lè dúró de ìpàdé ẹbí, ẹ tètè wá ẹni tó ní ẹ̀rọ gidi kó kó o sínú kọ̀ǹpútà.

Àmọ́ kí ẹ má da ohun méjì pọ̀. Kíkó fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí gbígbé e síta. Èyí àkọ́kọ́ yẹ kó yá, èyí ìkejì yẹ kó pẹ́. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe méjèèjì, nítorí ẹni tó fún wọn lówó fẹ́ rí i lójú íntánẹ́ẹ̀tì kí ọdún tó parí. Ẹ fi fáìlì ńlá, èyí tó mọ́ kedere tó ṣeé tẹ̀ sínú ìwé, pamọ́ síbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú méjì yòókù. Fáìlì kékeré, èyí tó tó ojú fóònù wò, ni kí ẹ gbé síta nígbà tí ẹ bá ti fẹnu kò. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ ilé iṣẹ́ gba ojú èèyàn kọjá. Ìyá àgbà tó ró ìró rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò kò lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè fi iwájú orí rẹ̀ polówó ọjà.

Nígbà tí ẹ bá jókòó láti fẹnu kò, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ olórí ẹbí àti ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà nìkan. Àwọn ìyá ilé ló mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò. Àwọn ni yóò sọ pé obìnrin tó dúró lápá òsì yìí, ìyàwó tó kọ bàbá sílẹ̀ ni, ọmọ rẹ̀ sì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ rí i. Àwọn ló mọ ọmọ tó jẹ́ àbíkú, wọ́n mọ èyí tí wọ́n ya lẹ́yìn tó ti kú. Lẹ́nu wọn ni ẹ ó ti mọ èyí tó yẹ kí gbogbo ayé rí, èyí tí ẹni bá fẹ́ wò gbọ́dọ̀ wá tọrọ, àti èyí tó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ó dá mi lójú pé àkọ́kọ́ ló máa pọ̀ jù. Ìgbéyàwó, ìwúyè, ilé ìwé, ọjà, ẹgbẹ́ eléré, gbogbo èyí ni kí ẹ ṣí sílẹ̀ fáyé, nítorí ọmọ wa tó wà ní Salvador àti ní Lọ́ńdọ̀nù ń wá wọn. Kí ẹ sì kọ orúkọ, agbo ilé, ìlú, àti oríkì sábẹ́ rẹ̀. Oríkì ẹsẹ̀ kan á sọ fún ọmọ ọmọ ohun tí ọjọ́ oṣù kò lè sọ fún un.

Ti àṣẹ lílò: ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bí ẹ̀tọ́ àdàkọ bá jẹ́ tiyín, tàbí bí onífọ́tò tàbí àrólé rẹ̀ bá gbà, ìwé àṣẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Creative Commons, ó dáa, ọ̀pọ̀ mùsíọ̀mù ló ń lò ó. Ẹ̀yà rẹ̀ kan ní kí ẹni tó bá lò ó dárúkọ yín, òmíràn ní kó má fi ṣòwò, òmíràn ní kó má yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bí ẹ bá ti fún ẹnì kan láṣẹ yìí, ẹ kò lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹyin lohùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó le díẹ̀, ẹ lè tú u lọ́la. Ẹ sì kọ nọ́ńbà WhatsApp sísàlẹ̀ ojú òpó náà, ní Yorùbá, kí ẹni tó bá rí ìyá rẹ̀ níbẹ̀ tí inú rẹ̀ kò dùn lè pè yín, kí ẹ sì yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àròyé.

Ní ti àwọn àlejò tó bá wá láti òkè òkun pẹ̀lú ẹ̀rọ àti owó, mi ò ní kí ẹ lé wọn. Ètò Endangered Archives Programme ti British Library, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, ní ìlànà kan tí mo fọwọ́ sí: ojúlówó kì í kúrò lórílẹ̀-èdè tí ó ti wá, ẹ̀dà inú kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn. Fáìlì ńlá gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ yín, kó má jẹ́ kékeré tí wọ́n fi tù yín nínú. Kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tí yóò gba owó bí ilé iṣẹ́ sinimá bá fẹ́ lo fọ́tò kan. Kí ó sọ ẹni tí yóò máa san owó ojú òpó lọ́dọọdún nígbà tí owó wọn bá tán, nítorí ojú òpó tí wọn kò sanwó rẹ̀ mọ́ á kú, fọ́tò inú rẹ̀ á sì bá a lọ. Kí ó sì sọ pé ẹ lè ní kí wọ́n yọ fọ́tò kan kúrò láìsí pé ẹ ń ṣàlàyé ara yín.

Ohun tí mo bẹ̀ yín lálẹ́ yìí kò ná yín lówó. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ gbé àpótí fọ́tò lọ síwájú ẹni tó dàgbà jù nínú ilé yín. Ẹ mú pẹ́ńsùlù dání, kó má ṣe jẹ́ bírò, nítorí yíǹkì bírò á máa là sí ojú fọ́tò. Ẹ bi wọ́n pé, ta nìyí, ibo nìyí, ta ló yà á, ṣé a lè fi han àwọn èèyàn? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìwé àdéhùn wá kí ẹ tó ṣe èyí tán, ẹ má fọwọ́ sí i.